Ilẹ̀kùn Irin Ìlú Ẹ̀yìn-Ò-Gbọdọ̀-Ká

Láwuyì, sọ igi yẹn sílẹ̀! Mo ní kí o sọ ọ́ sílẹ̀! Ta ló kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé nǹkan? O ká ẹ̀yìn bí ìwọ̀ ẹja, o dorí kodò bí adìẹ tó ń mu omi, o wá fa ìtì igi yọ fìrì, o tún ń ké pé, "Yéè, ẹ̀yìn mi." Kí ni ẹ̀yìn rẹ ṣe? Jókòó síbẹ̀. Gbogbo yín, ẹ jókòó. Òjò kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sóko lọ́sàn-án yìí, n óò sì sọ ìtàn kan fún yín tó ṣì ń bí mi nínú títí dòní, nítorí pé abẹ́ irin ni mo wà nígbà tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi Ọdẹ́níyì yìí ni mo bá iwin onímú mẹ́ta jìjàkadì ní ọjọ́ kan, tí mo gbé e ṣánlẹ̀, tó sì fi imú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sunkún. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni kó dìde kó lọ bi iwin náà. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi, ti ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́rìndé ni. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni n óò sọ, bó ṣe sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà, títí mo fi mọ ibi tó ń dùn ún jù bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Èmi ni mo fa ọ̀ràn. Mo lé túùkú kan wọ Igbó Akérora, mo sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí mo fi bọ́ sí ìlú kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ìlú Ẹ̀yìn-Ò-Gbọdọ̀-Ká ni orúkọ rẹ̀. Arúgbó ni o, aboyún ni o, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni o, kò sí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ká níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọba, ṣe ni wọ́n ń ti ìdí sẹ́yìn, wọn a rọ orúnkún díẹ̀, ẹ̀yìn wọn a nà gbọọrọ bí pákó, àyà wọn a yọ síwájú. Èmi kò mọ̀. Mo dé iwájú ọba wọn, mo ṣe bí ọmọ tí a kọ́ nílé: mo tẹrí ba, mo ká ẹ̀yìn dáadáa, mo ní, "Kábíyèsí." Ni àwọn ìjòyè bá pariwo. Wọ́n ní mo fi ẹ̀yìn ìjàpá han ọba. Kí n tó wí tẹnu mi, wọ́n ti jù mí sí kòtò. Ẹ wò ó, mo kí ènìyàn, wọ́n jù mí sí kòtò!

Kòtò náà kò jìn ju àyà ènìyàn lọ, nítorí náà n kò lè nàró nínú rẹ̀. Jíjókòó ni mo ń jókòó, rírá ni mo ń rá. Ilẹ̀kùn irin ńlá kan ni wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀. Wọ́n kọ́ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ mọ́ àpáta, níbi tó ti ń yí; ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀pá irin kan wà tí a fi ń dì í mú. Kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí àgádágodo. Ọba ní, "Ẹbí rẹ̀ ni kó wá gbé e. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gún ni irin yẹn ń gbọ́ tirẹ̀." Ihò kékeré kan ni wọ́n ń gbà ju ẹ̀wà sísè sí mi, ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ojú àgbàrá ni wọ́n gbẹ́ kòtò yẹn sí, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé bí òjò ńlá bá ti rọ̀, omi yóò kún un dé ẹnu, ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ yóò sì bá omi lọ.

Nígbà tí oṣù méjì kọjá tí n kò padà wálé, ẹ̀gbọ́n mi gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ní òun ń lọ wá àbúrò òun. Igbó méje ló là kọjá. Ẹ má bi mí bó ṣe là wọ́n kọjá; ẹsẹ̀ ló fi rìn.

Ní ẹnu bodè ìlú náà ló ti bá Ìyá Ṣánṣán, arúgbó tó ń ṣọ́ bodè. Orí ìyá náà funfun báláú, eyín méjì péré ló kù lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ gún régé. Odó irin kan tó wúwo tó ọmọ màlúù ló ń gbé láti ibì kan dé ibì kan, kí ó lè máa fi jókòó síbi tí ibòòji bá wà. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi látòkèdélẹ̀, ó ní, "Ó ń ṣí, ó ń tì, kò ká rí láyé rẹ̀. Kí ni?"

Ọdẹ́rìndé ní, "Ojú ni."

"Ìpéǹpéjú rẹ kì í ká ni?"

"Ẹnu ni."

"Ètè rẹ ń ká nísinsìnyí."

"Ìyá, mo rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí n kọjá."

Ìyá náà ní, "Máa kọjá. Yóò yé ọ níbi tó bá ti ń dùn ọ́."

Orí kòtò ló kọ́kọ́ dé, ó sì gbọ́ tí mò ń wúkọ́ lábẹ́ irin. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkè: "Ọdẹ́níyì, ṣé ìwọ nìyẹn?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni o!" Inú mi dùn débi pé mo fi orí gbá irin. Ó ní, "Fọkàn balẹ̀. Ṣé o rántí pé mo ti gbé ẹfọ̀n rí?" Irọ́ ni. Àwa mẹ́fà la gbé ẹfọ̀n yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ló sì dì mú.

Ó wá kọjú sí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe tọ́ àwa ọmọ ọdẹ: irin ni Ògún, a kì í gbé àyà sókè sí i. Ẹ̀gbọ́n mi tẹrí ba, ó ká ẹ̀yìn, ó na apá sí ọ̀pá náà láti òkèèrè bí ẹni tó ń bẹ̀rù àgbà, ó sì fà á fìrì. Ilẹ̀kùn kò mira. Ó tún fà á. Ó fà á títí mo fi ń gbọ́ tó ń payín keke.

Ìyá Ṣánṣán ti tẹ̀ lé e débẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ọdẹ, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń gbé e ni, Ìyá."

"Irọ́. Ò ń kí i ni. Kí i tán ná, kí o tó wá gbé e."

Ó ní bó bá wù ú kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún irin náà, kó kí i kí i kí ilẹ̀ ṣú. Ṣùgbọ́n bó bá dìde tó ní òun fẹ́ gbé e, kí ó gbé àyà sókè, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Kíkí lọ́tọ̀, gbígbé lọ́tọ̀.

Ìyá fún un ní yàrá kan tí yóò máa sùn sí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kòtò mi gan-an, èmi kò sì ní ibòmíràn tí mo lè lọ. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé irin ni wọn yóò gbé fún òun. Ọmọ odó ni ìyá gbé lé e lẹ́yìn gbọọrọ, láti ìpàkọ́ dé ìdí. Ó ní, "Ibi mẹ́ta ni ọmọ odó yìí gbọdọ̀ máa fara kàn: ìpàkọ́ rẹ, agbedeméjì èjìká rẹ, àti òkè ìdí rẹ. Ó yá, ti ìdí sẹ́yìn."

Ọdẹ́rìndé ká ẹ̀yìn. Ọmọ odó ṣubú.

"Ti ìdí sẹ́yìn ni mo ní, n kò ní kí o wá nǹkan tó sọnù."

Ó lóṣòó. Ọmọ odó ṣubú.

"N kò ní kí o yàgbẹ́!"

Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọdẹ tó ti pa ẹkùn ni wọ́n ń fi ọmọ odó kọ́ bí ọmọge tó ń múra àtilọ sílé ọkọ. Láàárọ̀ yẹn, ọmọ odó ṣubú lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógójì. Mo kà á. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe nínú kòtò? Lẹ́ẹ̀kejìlélógójì ni kò ṣubú. Ìdí lọ sẹ́yìn, orúnkún rọ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn dúró bó ṣe wà. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá kígbe: "Ìyá, ilẹ̀kùn ni! Ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń tì, ibi tí a kọ́ ọ mọ́ nìkan ló ń yí, pákó rẹ̀ kì í ká!"

Ìyá ní, "Ìbàdí rẹ ni ibi tí a kọ́ ọ mọ́. Ẹ̀yìn rẹ ni pákó. Ẹ ṣeun tí ẹ jí."

Àbí ẹ ò gbọ́ nǹkan? Ilẹ̀kùn ló wá gbé, iwájú ilẹ̀kùn ló dúró sí láti àárọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí ilẹ̀kùn!

Ìyá wá fún un ní irin kékeré kan tó wúwo tó ewúrẹ́. Ó ní, "Ẹsẹ̀ sábẹ́ ìbàdí. Irin kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojúgun. Jẹ́ kí apá rẹ gùn bí okùn, má ṣe fi wọ́n jà. Mí kún ikùn, kí o mú ikùn le bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Wàyí o, má fa irin. Ẹsẹ̀ ni kí o fi ti ilẹ̀." Ó tì í. Irin gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń gun ojúgun bọ̀, ó kọjá orúnkún, ẹ̀gbọ́n mi nàró. Ó ní òun kò mọ̀ rí pé nǹkan lè wúwo kó má sì ni òun lára. Ìyá ní kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó lọ sinmi. Nígbà tí ìyá yíjú sẹ́yìn, ó ṣe é nígbà ọgọ́ta. Orí kunkun kò ní oògùn.

Ilẹ̀ mọ́, ara ń ro ó díẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀túnla mọ́, ẹ̀gbọ́n mi kò lè dìde lórí ẹní. Itan méjèèjì ti le gbagidi, ìdí ń ta á, ẹ̀yìn wúwo bí ẹni tó sùn sórí òkúta. Ó di ògiri mú kó tó lè nàró. Ó lọ sẹ́yìnkùlé láti ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe láàárọ̀, kò lè lóṣòó. Nígbà tó lóṣòó tán, kò lè dìde. Ibẹ̀ ló wà tó ń pariwo pé wọ́n ti fi nǹkan sí òun.

Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ bá Ìyá Ṣánṣán. "Ìyá, kí lẹ fi sínú ẹ̀wà tí mo jẹ?"

"Iyọ̀."

"Àsàsí ni! Ẹ fẹ́ dì mí mọ́lẹ̀ kí òjò lè pa àbúrò mi!"

"Lọ sílé. Àlejò méjì ń bọ̀ wá bá ọ. Fetí sí wọn, kí o mọ èwo lo máa gbà."

Kò tíì jókòó tán tí àwọn iwin méjì fi kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, ara wọn pọ́n fòò, ojú wọn ń tàn bí ẹyin iná. Gbogbo-Ara ni orúkọ ọ̀kan, Ojú-Kan ni orúkọ èkejì.

Gbogbo-Ara ní, "Èmi kì í wá lọ́jọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ kejì ni mò ń dé, ọjọ́ kẹta ni mò ń rorò, tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, mo ti lọ. Bí mo bá wà ní itan ọ̀tún, mo wà ní tòsì. Bí o bá jókòó tì mí, n óò le sí i. Bí o bá mú mi rìn, n óò rọ̀. Ilé ni mò ń kọ́ sára rẹ."

Ojú-Kan ní, "Èmi kì í dúró dọ̀la. Lójú iṣẹ́ gan-an ni mò ń dé, pàà! Ibi kan ṣoṣo ni mò ń gún bí abẹ́rẹ́. Bí o bá fipá bá mi ṣiṣẹ́, n óò wó ilé tí àbúrò mi yìí kọ́. Ta ni nínú wa lo fẹ́ gbà lálejò?"

Ẹ̀gbọ́n mi tutọ́ sílẹ̀. "N kò gba ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kúrò níbí!"

Gbogbo-Ara ní, "Mo ti wà nínú ilé ná." Ó sì jókòó tì í lórí ẹní.

Bí ìyá ṣe ní kó tọ́jú àlejò náà nìyí: kó rìn dé odò kó padà, kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, kó jẹ ẹja àti ẹ̀wà yó, kó sùn dáadáa, kó má sì fọwọ́ kan irin kankan títí yóò fi lè lóṣòó láìké. Ẹ̀gbọ́n mi fárígá. Ó ní ìkùukùu ti ń dúdú ní ìlà-oòrùn, pé ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìyá ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àáké kò ní ẹ̀yìn tó lè dá. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, ọmọ ọdẹ."

Ṣé ẹ rò pé ó gbọ́? Ó gbìyànjú títí di ọjọ́ kejìlá. Lọ́jọ́ náà, àrá sán ní òkèèrè, ni gbogbo ẹ̀kọ́ bá fò jáde lórí rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sáré bọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá ńkọ́?" Ó di ọ̀pá mú, ó fà á. Ilẹ̀kùn gbéra! Mo rí ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, mo ti ìka mi bọ ibẹ̀. Ibi tí ọ̀ràn ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí ó rí ìka mi, ó dorí kodò láti wò ó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ká. Ojú-Kan, tó ti lúgọ sẹ́yìn àpáta, na ọwọ́ jáde, ó sì gún un ní ìbàdí. Pàà! Ilẹ̀kùn já bọ́. Díẹ̀ ló kù kó gé mi níka, erùpẹ̀ sì kún mi lójú. Mo bú u. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ṣùgbọ́n mo bú u.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dùbúlẹ̀. Òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, omi sì ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ keje, ó rá wá sí ẹnu ihò tí wọ́n ń gbà fún mi lóúnjẹ, ó fi ojú sí i. Ó ní, "Ọdẹ́níyì, mo ti ba nǹkan jẹ́. Mò ń kánjú nítorí rẹ ni."

Ẹnu mi ti kún fún ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sí i. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ nínú ihò náà, ó ti rù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kánjú mọ́. Ẹ kọ́ ọ dáadáa."

"Ṣé omi ti ń wọlé?"

Mo ní, "Rárá. Ibí gbẹ."

Láti ọjọ́ náà ló ti di akẹ́kọ̀ọ́. Ó padà sórí ọmọ odó láìráhùn. Ó padà sórí irin tó wúwo tó ewúrẹ́, ó bọ́ sórí èyí tó tó àgbò, ó bọ́ sórí èyí tó tó ọmọ màlúù. Ọjọ́ kan iṣẹ́, ọjọ́ kan ìsinmi. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí Gbogbo-Ara bá dé, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ẹ káàbọ̀," á mú un rìn dé odò, wọ́n á jọ padà. Àlejò náà kì í tilẹ̀ pẹ́ mọ́. Bí Ojú-Kan bá sì ti yọ orí, á gbé irin sílẹ̀ kíá, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí.

Ọjọ́ kọkàndínlógójì ni òjò ńlá dé. Àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Ta ni onílé nínú kòtò? Omi ga dé ìbàdí mi, ó ga dé àyà, ó dé ọrùn. Mo na imú sí abẹ́ irin kí n lè rí afẹ́fẹ́ fà. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹrẹ̀. Mo ní ó yá, ó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ ṣe: ó dọ̀bálẹ̀! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, ó ń kí irin! Omi ń wọ̀ mí nímú, ẹ̀gbọ́n mi ń kí irin!

Ó dìde. Ó fi eérú nu ọwọ́ kí ọ̀pá má baà yọ̀. Ó to ẹsẹ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un tò. Bí mo bá ní ìbọn lọ́wọ́, ǹ bá yìn ín lù ú. Ó ti ìdí sẹ́yìn, ó di ọ̀pá mú, ó gbé àyà sókè. Mo gbọ́ bó ṣe mí kún ikùn. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi òjò.

Irin gbéra. Kò gbọ̀n, kò fì, ó ń gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́ títí ẹ̀gbọ́n mi fi nàró pẹ̀lú ọ̀pá náà ní itan rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gún bí ti àwọn ará ìlú náà. Ẹnu kòtò là. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: èmi yìí, dípò kí n jáde, mo rì padà sínú omi, mò ń wá àpò ọdẹ mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wà pẹ̀lú àpò yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ̀rọ̀ nítorí èémí tó há sí i níkùn, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí, mo ṣì ń rí i. Mo fi àpò sílẹ̀, mo rá jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti jáde tán, ó ṣì ń rọra gbé irin padà sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ìyá Ṣánṣán, tó dúró sínú òjò, ní, "Ó dáa." Ọ̀rọ̀ rere kan ṣoṣo tó sọ sí i láti ọjọ́ tó ti débẹ̀ nìyẹn.

Mo ní kí n dìde. Orúnkún mi kọ̀. Ẹni tó ti ká bí ìgbín fún oṣù mẹ́ta, tí kò jẹ ju ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà lọ lójúmọ́, ẹsẹ̀ wo ni yóò fi dìde? Mo ṣubú sínú ẹrẹ̀, mo wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá dúró lórí mi. Ó to ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sún mọ́ mi títí ojúgun rẹ̀ fi kàn mí lára. Ó ti ìdí sẹ́yìn, ó na ẹ̀yìn, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ mi, ó mí kún ikùn, ó múra gẹ́gẹ́ bó ṣe múra fún ilẹ̀kùn irin. Lójú tirẹ̀, èmi ṣì ni àbúrò rẹ̀ tó sanra jù ú lọ, tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ara rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀.

Díẹ̀ ló kù kó ṣubú sẹ́yìn, nítorí kò sí ẹrù níbẹ̀. Mo bá a gòkè bí apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Awọ àti egungun ló gbé. Ó dúró pẹ̀lú mi ní àyà rẹ̀, kò rìn, kò mira. Ó gbé mi sókè, ó gbé mi wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó rò pé òun gbàgbé apá kan mi sínú kòtò.

Ó ní, "Ọdẹ́níyì. Níbo lo kù sí?"

N kò rí omijé ẹ̀gbọ́n mi rí, àní lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó bú sẹ́kún kíkorò níwájú gbogbo ìlú, ó ń sọ pé, "Mo pẹ́ jù, àbúrò mi, mo pẹ́ jù."

Mo gbé orí lé e léjìká. Gbogbo èébú tí mo ti tò pamọ́ fún un láti ọjọ́ kìíní, n kò rí ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rìn, òjò ń pa wá."

Ó gbé mi la igbó méjèèje kọjá, kò sì gbé mi sílẹ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ìyá wa. Ibẹ̀ ni mo sọ ìtàn kalẹ̀ sí; kí olúkúlùkù yín fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé.